Èèkàn Tó Wà Níbi Tí Ojú Kò Dé

Sanumaya jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá àjà kẹta, ó ń so kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá ọparun. Ó yí okùn po nígbà márùn-ún, ó ta kókó, ó mì í wò. Kámẹ́rà náà yẹ̀ díẹ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ rọ́bà tó fi di irun rẹ̀, ó ká a sí abẹ́ kámẹ́rà kó má baà máa yọ̀ lórí igi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mì í títí, kò yẹ̀.

"Ìyàwó, fọ́tò lo fẹ́ yà ni, àbí ewúrẹ́ lo fẹ́ so mọ́lẹ̀?"

Jagat Man ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwọn bíríkìlà tó fẹ́ wó ògiri yàrá náà. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà, ayùn oníná rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ajá tó ń retí egungun.

"Ọ̀gá Jagat, tó bá já bọ́ láti òkè yìí, ṣé ẹ máa ra òmíràn fún mi?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí ìyàwó mi ń ka owó tíì fún?"

Ògiri tí à ń sọ yìí ti wú síta bí ikùn aboyún láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì tìtì ní ìlú Bhaktapur. Igi mẹ́jọ ni wọ́n fi há àárín rẹ̀ àti ẹ̀yìn ilé kejì, kó má baà wó sójú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé méjèèjì. Òjò ńlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn onílé mìíràn sì ń dúró de igi wọ̀nyẹn fún ògiri tiwọn. Lónìí ni ògiri gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá Jagat Man jiyàn lórí ìyẹn. Fèrèsé tó wà nínú ògiri náà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Igi dúdú ni fèrèsé ọ̀hún, ó ga ju èèyàn lọ. Ejò méjì gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ọ̀wọ́ ẹyẹ kéékèèké sì yọ àyà síta lókè rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bà sórí ẹ̀ka. Bàbá bàbá Bekha Narayan ló gbẹ́ ẹ. Bekha Narayan fúnra rẹ̀, tó jẹ́ baba ọkọ Sanumaya, ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, igi gbígbẹ́ nìkan ni iṣẹ́ tó mọ̀ láyé. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo nínú fèrèsé náà. Igi ló di igi mú, òmíràn di ìyẹn mú, èèkàn ìgbẹ̀yìn ló wá ti gbogbo wọn pa. Ẹni tó bá fa èèkàn náà yọ, fèrèsé á tú sí i lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìsí èyí tó ṣẹ́, yóò sì ṣeé tún tò sínú ògiri tuntun. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àfi ayùn.

Èèkàn méjì ló sì wà lára àtẹ́rígbà rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́. Èkejì ló gbé ẹrù. Tí èèyàn bá ṣèèṣì kọ́kọ́ fa ẹlẹ́rù, àtẹ́rígbà á já, gbogbo ẹyẹ á fọ́ yángá sójú ọ̀nà. Àwọn agbẹ́gi ìdílé Bekha Narayan máa ń gbẹ́ ẹja kékeré kan sára èyí tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n nítorí àwọn olè tó ń jí fèrèsé, ibi tí ojú kò dé ni wọ́n ń fi í sí: ìta, lábẹ́ àyà àwọn ẹyẹ, níbi tó dúdú bí inú ìkòkò. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà, àwọn ẹyẹ á dí i lójú. Ẹni tó bá wà nínú yàrá, àtẹ́rígbà á dí i lójú. Àkàbà kò sì ráyè dúró láàárín àwọn igi tí wọ́n fi ti ògiri.

Láti àárọ̀ ni bàbá náà ti ń fi jígí sórí igi, tó ń nà án síta, tó ń ṣẹ́jú. Ohun tó ń rí kò ju òkùnkùn tó ń gbọ̀n lọ.

"Jígí mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan hàn," ni Sanumaya wí nígbà tó gbé oúnjẹ àárọ̀ dé tó bá a níbẹ̀, "àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú." Ó sì sáré lọ gbé kámẹ́rà.

Ìgbà tó máa fi dé, Jagat Man ti là á mọ́lẹ̀. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ tí a bá jẹun ọ̀sán tán tí fèrèsé yìí ò tíì jáde, ayùn ló máa yọ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà nísàlẹ̀, wọn kò rí nǹkan ṣe ju kí wọ́n máa ka bíríkì lọ."

Opó kan tó ń jẹ́ Chirimaya ló ni ilé. Ilé ìdáná rẹ̀ wà lókè orí wọn gan-an, lábẹ́ òrùlé, ihò àkàbà tó lọ síbẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí Jagat Man sọ. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀wà tó gbé kaná kò rọ̀ mọ́.

Sanumaya dìde. Ó tú ọ̀já gígùn tó gbà mọ́ ìdí, ó so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ òpó àárín yàrá, ó sì fi ìyókù di ara rẹ̀ níbàdí dáadáa. Bekha Narayan ń wò ó láti igun yàrá, ó ká ọwọ́ gbera.

"Kámẹ́rà elétí ewúrẹ́ náà lo máa fi rí ohun tí mi ò rí?"

"Ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ kọ́kọ́ là, Bàbá."

Orúkọ tí bàbá sọ kámẹ́rà náà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé. Àlòkù ni Sanumaya rà á ní Kathmandu, ó sì rà á ní ọ̀pọ̀ nítorí pé ihò tí wọ́n ń fi ojú wò lẹ́yìn rẹ̀ ti fọ́. Sikirínì rẹ̀ nìkan ló kù tó dára, ìyẹn sì ṣeé fà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí etí, ó ṣeé yí sókè, ó ṣeé yí sísàlẹ̀, ó ṣeé yí wá síwájú pàápàá kí ẹni tí wọ́n ń yà lè rí ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Odindi oṣù mẹ́ta ló fi ń yí etí yẹn kiri lálaalẹ́ bí ọmọ rẹ̀ bá ti sùn, tó ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó ti gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ya ọmọ tó ń rákò láìdọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti gbé e ga ju orí gbogbo èrò lọ níbi ọdún tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ńlá wọ́ òrìṣà kiri ìlú, tó ń wo sikirínì láti ìsàlẹ̀, nígbà tí àwọn ayàwòrán tó ní kámẹ́rà olówó ńlá ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Owó fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ti ìgbéyàwó ló fi ń ra ìwé ọmọ. Síbẹ̀, bàbá kì í yé wí pé: "Iṣẹ́ ni kí àtẹ́lẹwọ́ le. Kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì kó gbowó, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Oríire ni."

Sanumaya fa etí kámẹ́rà jáde, ó yí i wá síwájú, kí ojú kámẹ́rà àti sikirínì lè jọ kọ ibì kan náà. Ó jókòó sórí ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó kọjú síta, ó na ọ̀pá náà síta, ó sì yí i kí kámẹ́rà lè máa wo ilé padà. Báyìí, òun tó wà nínú ilé ń wo sikirínì, kámẹ́rà tó wà níta sì ń fi abẹ́ àyà ẹyẹ hàn án. Ó ti ṣètò kámẹ́rà náà kó ka ẹ̀wá fúnra rẹ̀ kó tó yà. Ó di èémí mú.

Kámẹ́rà tan iná yẹ̀rì. Ó fà á wọlé. Fọ́tò náà funfun bí ìyẹ̀fun.

"Ẹyẹ yìí ti di adìẹ òyìnbó," ni Jagat Man wí.

"Àyà wọn ló ń da iná padà. Mo máa pa tirẹ̀. Iná tó rọra wá láti ẹ̀gbẹ́ ni mo fẹ́." Ó wo àpò ẹ̀wù Jagat Man. "Ọ̀gá, fóònù yín ní tọ́ọ̀ṣì."

"Fóònù mi kò mọ̀ ju ìpè àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Ìwọ náà fẹ́ so ó mọ́ igi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa dì í mú. Ẹ na ọwọ́ síta, ẹ tàn án láti ẹ̀gbẹ́."

Jagat Man kùn, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó yọ orí síta, ó wo ìsàlẹ̀, ó fa orí padà. "Bí mo bá já bọ́, ẹ sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ ló pa mí."

"Kò ní gbà á gbọ́," ni ohùn Chirimaya sọ láti òkè.

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì rọra rìn gba abẹ́ àwọn ẹyẹ. Sanumaya yí ọ̀pá díẹ̀, ó tún yí i díẹ̀. Lórí sikirínì, òkùnkùn pín sí igi, igi pín sí ìlà. Ojú èèkàn kan yọ, ó jọ̀lọ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó wá èkejì lọ. Nígbà tó rí i, ó gbàgbé pé òun gbọ́dọ̀ di èémí mú.

"Ẹja! Ẹja wà níbẹ̀! Ó ní ìrù, ó ní ojú! Apá ọ̀tún mi ló wà!"

Kámẹ́rà ka ẹ̀wá, ó yà á. Ó fà á wọlé, ó mú kí fọ́tò náà tóbi lórí sikirínì, ó gbé e fún bàbá. Bekha Narayan gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́, ó tún gbé e jìnnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbọ́ nípa ẹja yẹn.

"Ọwọ́ bàbá bàbá mi nìyí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Àmọ́ apá òsì ló wà."

"Apá ọ̀tún ni mo rí i, Bàbá."

"Wò ó fúnra rẹ."

Sanumaya wò ó. Lóòótọ́ ni, nínú fọ́tò, apá òsì ni ẹja wà kedere.

Jagat Man fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àbí ó ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá ni?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mú ọ̀pá irin rẹ̀ gígùn, èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀, tí wọ́n fi ń fa èèkàn. "Ojú èèyàn lè ṣì í rí, fọ́tò kì í ṣìnà. Fọ́tò ni wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù. Òsì ni màá fà." Ó sì kọjú sí apá òsì fèrèsé.

Kí ìyàwó ilé dínà mọ́ baba ọkọ rẹ̀, ní ilẹ̀ tiwọn, kò wọ́pọ̀. Sanumaya dìde, ó dínà. Ó tẹrí ba, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tíì fà á. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rù lẹ fà, kò sí ohun tí a lè fi tún un ṣe. Ẹ fún mi ní ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀wà fi ń rọ̀."

"Kò tíì rọ̀ o!" ni Chirimaya ké láti òkè. "Ẹ̀wà ọdún yìí le bí òkúta!"

Jagat Man gbójú sókè. "Ìyá, láti ìgbà wo ni ẹ̀wà yín ti ń sè?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá sè é ni?"

Sanumaya kò gbọ́ wọn mọ́. Ó jókòó, ó gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó purọ́ tí kò sì jọ òpùrọ́. Sikirínì ní ọ̀tún. Fọ́tò ní òsì. Ẹja kan náà ni, kámẹ́rà kan náà ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn. Báwo ni èèyàn ṣe lè bi kámẹ́rà léèrè kó sì dáhùn?

Òdòdó aláwọ̀ ọsàn kan wà lórí ìsàlẹ̀ fèrèsé, nínú èyí tí Chirimaya fi bọ òrìṣà láàárọ̀. Sanumaya mú un. Ó fi okùn tó kù so ó, ó jókòó padà sójú fèrèsé, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta títí, ó sì fi òdòdó náà kọ́ etí àtẹ́rígbà ní apá ọ̀tún rẹ̀.

"Ọ̀gá, tọ́ọ̀ṣì."

Ó tún na ọ̀pá síta. Lórí sikirínì, òdòdó wà lápá ọ̀tún, ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà ka ẹ̀wá, ó yà á. Nínú fọ́tò, òdòdó wà lápá òsì. Ẹja sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sanumaya bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má wo ọ̀tún, ẹ má wo òsì. Ẹ wo òdòdó. Ọwọ́ wo ni mo fi kọ́ ọ?"

"Ọ̀tún."

"Níbo ló wà nínú fọ́tò?"

Bàbá wò ó. "Òsì."

"Òdòdó kò lè lúwẹ̀ẹ́. Fọ́tò ń wo ilé láti ìta, bí ẹni tó dúró sójú ọ̀nà tó kọjú sí wa. Ọ̀tún wa ni òsì tirẹ̀. Sikirínì ní tirẹ̀, bí mo bá ti yí i wá síwájú báyìí, bíi jígí ló ń ṣe, ọ̀tún mi ló ń pè ní ọ̀tún. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ibi tí òdòdó bá wà ni ẹja wà."

"Bíi jígí tí mo fi ń fá irùngbọ̀n!" Jagat Man lu ìtan rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n! Lójoojúmọ́ ni mo ń bá a ṣeré!"

Bekha Narayan wo apá òsì fèrèsé, níbi tí ìwọ̀ irin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Ó gbé irin náà sílẹ̀, ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹlẹ́rù ni mo fẹ́ fà," ló wí. "Ní àádọ́rin ọdún ó lé, ẹlẹ́rù ni mo fẹ́ fà." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀tún ni. Báwo ni mo ṣe máa fi ìwọ̀ kọ́ ohun tí mi ò rí?"

"Ẹ máa rí i. Ẹ máa wo sikirínì, kí ẹ máa darí ìwọ̀ náà bí ẹni ń fá irùngbọ̀n. Mi ò ní mira."

Bó ṣe rí nìyẹn: Sanumaya di ọ̀pá mú níta, Jagat Man tan tọ́ọ̀ṣì, bàbá na irin. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára sikirínì kékeré yẹn, tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ìwọ̀ yọ sínú àwòrán lápá ọ̀tún. Bàbá gbé ọwọ́ sósì, ìwọ̀ lọ sósì. Ó gbé e sókè, ó lọ sókè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láìmọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìwọ̀ ha àyà ẹyẹ kan, ó sì bẹ ẹyẹ náà ní ẹ̀bẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀ yọ̀. Apá Sanumaya ti ń jó bí iná, òógùn ń wọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja náà dúró gbọn-in láàárín sikirínì.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ìwọ̀ kọ́ orí èèkàn. Bàbá kò fà á pẹ̀lú agbára. Ó tì í díẹ̀, ó fà á díẹ̀, bí ẹni ń yọ eyín ọmọdé. Nǹkan kan dún "kẹ́rẹ́" nínú igi, gbogbo fèrèsé sì mí sílẹ̀. Èèkàn náà yọ, ó rọ̀ mọ́ ẹnu ìwọ̀, ó sì wọlé wá sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá pẹ̀lú ẹja rẹ̀ kékeré.

Ohùn kan wá láti òkè:

"Ẹ̀wà ti rọ̀ o! Ẹ wá jẹun!"

Wọ́n jẹ ìrẹsì, ẹ̀wà, àti àkàrà ẹ̀wà pẹlẹbẹ tí Chirimaya din sí i nítorí inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, fèrèsé náà tú ní ẹyọ mọ́kànlélógójì. Sanumaya ya ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó wà kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n má baà dààmú lọ́jọ́ àtúntò. Jagat Man ki ayùn rẹ̀ sínú àpò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀wọ́ ẹyẹ sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà bí ẹni ru ẹyin, ó ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yàgò fún àwọn àgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri ti wálẹ̀, kò sì sí ìyẹ́ ẹyẹ kan tó ṣẹ́.

Òjò dé, òjò lọ. Nígbà tí ìrẹsì ń pọ́n lóko, ògiri tuntun ti gún régé, fèrèsé ti padà sínú rẹ̀. Bekha Narayan fi fọ́tò mọ́kànlélógójì síwájú, ó ń tò ó, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló ti èèkàn ẹlẹ́ja wọlé padà ní ìgbẹ̀yìn. Chirimaya gbé ìkòkò wàrà dídì ńlá kan wá fún Sanumaya, ó ní kí ó má fún Jagat Man nínú rẹ̀. Sanumaya fún un síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá pe Sanumaya síbi tó ti ń gbẹ́gi. Ó na nǹkan kan sí i tó fi aṣọ wé. Ọ̀pá ni, igi líle tó fúyẹ́, oríkèé mẹ́ta tó ń wọnú ara wọn. Orí rẹ̀ ní àga kékeré kan tó bá ìdí kámẹ́rà mu rẹ́gí, tó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí etí lè là dáadáa. Kò sí ìṣó nínú rẹ̀. Èèkàn kan ṣoṣo ló di kámẹ́rà mú. Sanumaya yí ọ̀pá náà kiri títí ó fi rí ohun tó ń wá: ẹja kékeré, níbi tí ojú kò tètè dé.

"Bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè," ni bàbá wí, ó sì yíjú padà síbi igi rẹ̀ kí Sanumaya má baà máa dúpẹ́ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọkùnrin kan wá láti òpópó kejì. Fèrèsé ilé wọn náà wà nínú ògiri tó ń wú, ó sì jẹ́ ẹnì kẹta tó ń béèrè ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹja. Ó bá Bekha Narayan lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó yín tó ń ya fọ́tò ńkọ́?"

Bekha Narayan fẹ́ eruku igi kúrò lórí ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí nílé," ló wí. "Ó wà níbi iṣẹ́."